Ẹ gbé e lé ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó gbéra: fífa káráfáànì wọ àárín gbùngbùn Ọsirélíà

Ìbéèrè

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adelaide la ń gbé, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì, ọmọ ọdún 9 àti 6. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ ara wọn yá. A ra káráfáànì àlòkù kan, a sì fẹ́ fà á gba Stuart Highway lọ sí Darwin, ká padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi iléèwé oṣù Keje. Ẹnì kan ní ká gba Oodnadatta Track, pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí Ọsirélíà gidi. Ìwé káráfáànì kọ Tare 2,050, ATM 2,500, táńkì omi méjì oní-95 lítà. Ti ọkọ̀ wa kọ GVM 2,990, ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ 2,330, ó sì lè fa 3,000 kílò. Omi mélòó ni ká gbé? Ṣé ejò pọ̀ lọ́nà yẹn? Ṣé fóònù máa ń ṣiṣẹ́?"

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ẹ sì kú oríire Màmá tó ń bọ̀ wá kí yín. Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀. Inú mi dùn pé ẹ kọ nọ́ńbà inú ìwé ọkọ̀ síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sí mi, ejò àti omi nìkan ni wọ́n ń béèrè. Màá dáhùn ìyẹn náà. Àmọ́ ẹsẹ̀ káráfáànì àti bíréékì rẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ọdún kọkànlá rèé, mo sì ti fa tèmi gba ọ̀nà yẹn lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Nínú àwọn tí wọ́n ti wọ́ wá bá mi ní bíbàjẹ́, èyí tó pọ̀ jù ló gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí tí wọ́n kó ẹrù náà síbi tí kò yẹ. Nítorí náà, ìwọ̀n la máa kọ́kọ́ jókòó tì.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ò tíì rí i rí, káráfáànì ni ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, tí ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti táńkì omi wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. ATM 2,500 túmọ̀ sí pé káráfáànì yín àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 2,500 kílò lọ. Tare 2,050 ni ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, láìsí omi, láìsí gáàsì. Ẹ yọ ọ́, ó ku 450. Lójú ẹni, ó pọ̀. Àmọ́ lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ rọ omi kún táńkì méjèèjì, 190 ti lọ. Gáàsì inú sílíńdà méjì oníkílò 9, ẹ yọ 18. Ó ku 242. Àlòkù lẹ rà, ẹ sì wò ó dáadáa: bí ẹni tó tà á fún yín bá ti fi sólà, bátìrì kejì àti ìbòòji ẹ̀gbẹ́ sí i lẹ́yìn tó rà á, kò sí èyí tó wà nínú 2,050 yẹn. Ẹ jẹ́ ká yọ 80 fún wọn. Ohun tó kù ò ju nǹkan bí 160 lọ, inú 160 yẹn sì ni tìmùtìmù, aṣọ èèyàn márùn-ún, ìkòkò, àga, rọ́bà omi, irinṣẹ́, àti àpò gàrí àti ìrẹsì tí Màmá ò ní gbà kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ máa wọ̀.

Ọkọ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù, torí pé 3,000 kílò tí wọ́n ní ó lè fà yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, ẹ wo GVM, ìyẹn ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jù. 2,990, ẹ yọ 2,330, ó ku 660 tí ọkọ̀ lè gbé. Níbi tí wọ́n ti so káráfáànì mọ́ ọkọ̀, nǹkan bí ìdámẹ́wàá ìwọ̀n káráfáànì ló yẹ kó máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tí káráfáànì bá jẹ́ 2,500, ìyẹn 250, orí ọkọ̀ ni wọ́n sì máa kà á sí. Ó ku 410. Ẹ̀yin márùn-ún, ẹ jẹ́ ká pè é ní 300. Ó ku 110. Bẹ́ ẹ bá ti ri irin ńlá mọ́ iwájú ọkọ̀ nítorí kangarúù, nǹkan bí 60 ni. Ọkọ̀ yín ò ní ju 50 kílò tó lè gbé sí i mọ́, ẹ ò sì tíì gbé fíríìjì kékeré, jáàkì, táyà kejì àti báàgì ìyá yín.

Ìwọ̀n nìkan kọ́, ibi tí ẹrù wà náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke rí mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá kó iṣu jọ sẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọlanke, ọwọ́ rẹ̀ á gbé sókè, ẹ ò ní lè darí rẹ̀ mọ́. Bákan náà ni káráfáànì. Tí ìdí bá wúwo, iwájú á fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ ò ní rí nǹkan tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi ojú inú wò ó: ẹ ń sá 95 lọ, tírélà tó so mẹ́ta pọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún yín, ó fẹ́ ya yín sílẹ̀. Atẹ́gùn orí rẹ̀ á kọ́kọ́ ti káráfáànì sósì, bó bá sì ti ń kọjá, á tún fà á padà sọ́tùn-ún. Káráfáànì tí wọ́n di dáadáa á mì lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Èyí tí ìdí rẹ̀ wúwo á bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ọ̀tún, òsì, ó ń le sí i, títí á fi máa yí ọkọ̀ gan-an.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ara á ní kẹ́ ẹ tẹ bíréékì mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì máa yí sítíárìn tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbi tẹ́ ẹ fi ń tẹná, ẹ di sítíárìn mú tààrà, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì bíréékì káráfáànì tó wà níwájú yín. Bíréékì ti káráfáànì nìkan ni yóò mú, á wá fa gbogbo rẹ̀ tọ́. Torí náà, ẹ rí i pé bọ́tìnnì náà wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, kí ìyàwó yín náà sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ lójú títì tó dá, kí ẹ tó kúrò ní Adelaide. Káráfáànì tó bá ju 2,000 kílò lọ, òfin ní kí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní bíréékì, kó sì ní èyí tó máa mú fúnra rẹ̀ tó bá já kúrò lára ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ ti yín wò.

Omi wá kàn. Stuart Highway kì í ṣe aginjù tí kò sí ilé. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀ láti Port Augusta dé Darwin, nǹkan bí 2,700 kìlómítà, wọ́n sì parí ọ̀dà náà ní 1987. Láàárín Adelaide àti Alice Springs, ibi tó gùn jù láìsí epo àti ṣọ́ọ̀bù ni Glendambo sí Coober Pedy, nǹkan bí 250 kìlómítà. Ẹ ò nílò 190 lítà. Ẹ rọ omi sí táńkì kan ṣoṣo, èyí tó wà níwájú ẹsẹ̀ káráfáànì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èyí tó wà lẹ́yìn ṣófo. Ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì oní-10 lítà méjì sínú ọkọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115 lítà, lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, ó tún ṣẹ́ kù. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣe pàtàkì: abẹ́ káráfáànì ni táńkì àti páìpù rẹ̀ máa ń wà, òkúta kan péré ló máa ta lù ú, omi gbogbo á sì ti dà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ní àwọn ilé epo ọ̀nà náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó níyọ̀ ló wà níbòmíì, omi tó ṣeé mu sì wọ́n níbẹ̀.

Epo náà, ẹ kún un níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá ti rí i, pàápàá ní Glendambo. Ọkọ̀ tèmi ń mu lítà 11 ní 100 kìlómítà tó bá dá rìn. Tó bá ń fa káráfáànì, 17. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá kọjú sí mi, ó ti mu 21 rí. Ẹ fi ti yín dánwò nítòsí ilé.

Ti Darwin ńkọ́? Rárá, àbúrò mi, kì í ṣe lọ́sẹ̀ méjì. Adelaide sí Darwin lé ní 3,000 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ ju 6,000 lọ. Ẹ pín in sí ọjọ́ 14, ó lé ní 420 lójúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọmọ ọdún 6 àti ìyá ẹni ọdún 68 lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ tún wo oòrùn. Ní oṣù Keje, ní Coober Pedy, aago méje á kọjá kí oòrùn tó yọ, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ sì ni kangarúù ń jáde. Màlúù, ẹyẹ emu àti ràkúnmí náà ń gba ojú títì kọjá, torí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ò lọ́gbà. Ẹni tó ń fa 2,500 kílò ò lè dúró lójijì. Mo ní òfin kan tí mi ò rú rí: mi ò ní gbéra ṣáájú aago mẹ́jọ àbọ̀, mo sì ti gbọ́dọ̀ dúró kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ yọ àkókò oúnjẹ àti ìtọ̀ ọmọdé kúrò níbẹ̀, 400 kìlómítà ti tó yín lóòjọ́.

Ẹ yà sí Uluru, àpáta pupa ńlá nì, kẹ́ ẹ lọ dé Alice Springs, kẹ́ ẹ sì padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,600 kìlómítà, ẹ máa ráyè simi. Ẹ sùn ní Port Augusta lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ẹ má lé Coober Pedy tó wà ní 540 kìlómítà síwájú. Ẹ dúró ní etí Lake Hart, adágún iyọ̀ funfun tó wà lẹ́bàá títì lẹ́yìn Pimba, tàbí kẹ́ ẹ sùn ní Glendambo. Ẹ lo ọjọ́ méjì ní Coober Pedy. Wọ́n rí òkúta opal níbẹ̀ ní 1915, ooru sì lé àwọn awakùsà wọ abẹ́ ilẹ̀, débi pé ilé, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àpáta níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ yín ò ní gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ẹ di ọwọ́ wọn mú. Ìhò awakùsà tó jìn gan-an pọ̀ yí ìlú náà ká láìlọ́gbà, láìní ìdérí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀yìn rìn torí pé ó fẹ́ ya fọ́tò.

Oodnadatta Track, mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn gan-an, n kò ní parọ́ fún yín. Ó gùn tó 620 kìlómítà láti Marree sí Marla, ó ń tẹ̀ lé àwọn orísun omi tí àwọn Arabana, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni wáyà tẹlígíráàmù tí wọ́n parí ní 1872 gbà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin Ghan àtijọ́ gbà títí wọ́n fi pa á tì ní 1980. Ní Marree, àwọn darandaran ràkúnmí tí wọ́n wá láti ìhà Afghanistan àti Íńdíà kọ́ mọ́ṣáláṣí níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀kan lára èyí tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ìtàn ńlá ni. Àmọ́ erùpẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ká kérékéré bí páànù òrùlé. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, gbogbo ìṣó inú káráfáànì á máa gbọ̀n fún wákàtí mẹ́fà léraléra. Mo ti rí èyí tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti já tán, tí fíríìjì dojú bolẹ̀, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì là. Ti yín, ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Tí òjò bá sì rọ̀, wọ́n á ti ọ̀nà náà, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Bí ọkàn yín bá fà sí erùpẹ̀ pupa, ẹ fi káráfáànì sílẹ̀ ní Coober Pedy, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ nìkan lọ sí Kanku-Breakaways, nǹkan bí 30 kìlómítà sí àríwá ìlú. Àwọn òkè kéékèèké aláwọ̀ ofeefee, pupa àti funfun ló wà níbẹ̀, Màmá ò sì ní rìn púpọ̀. Ẹ máa rí ọgbà tí wọ́n ṣe nítorí ajá ìgbẹ́ dingo nítòsí ibẹ̀, ó gùn ju 5,000 kìlómítà lọ.

Àwọn tírélà tí mo sọ yẹn gùn tó mítà 53 àtààbọ̀. Tí ọ̀kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má sáré fún un, ẹ má sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí erùpẹ̀ ti rọ̀. Ẹ dúró sójú ọ̀nà yín, kí eré yín má yí padà. Tó bá ti bọ́ sí apá ọ̀tún, ẹ dẹ eré díẹ̀ kó lè tètè kọjá. Ẹ ra rédíò UHF, èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú títì. Àwọn awakọ̀ tírélà wà lórí ìkànnì 40, àwọn oníkáráfáànì sábà máa ń wà lórí 18. Ẹ kọ "UHF 40" gàdàgbà sẹ́yìn káráfáànì, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọlúwàbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Fóònù máa ṣiṣẹ́ ní ìlú àti láwọn ilé epo kan, iléeṣẹ́ fóònù Telstra ló sì dé jù. Láàárín wọn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní PLB, tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì lọ́jọ́ tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ fún un. Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, ẹ jókòó tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ rọrùn láti rí ju èèyàn lọ.

Ejò wà, àmọ́ òtútù oṣù Keje ò bá a lára mu, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kò sí gbẹ́rẹ́ sínsín, kò sí fífi ẹnu fà á, kò sí fífi okùn dè é pinpin, ẹ má sì fọ ojú rẹ̀. Ẹ fi báńdéèjì tó fẹ̀ wé e ṣinṣin láti ojú ibẹ̀ ká gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó mira, kẹ́ ẹ pe 000.

Màmá ńkọ́? Aginjù ni wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì di aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní Alice Springs, òru oṣù Keje lè tutù débi tí omi á fi dì. Ọyẹ́ ilé ò tó o rárá. Ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti ìbọ̀sẹ̀ onírun fún wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí ó pọ̀ ju ọjọ́ ìrìn àjò lọ, kó wà nínú báàgì ọwọ́ wọn, kì í ṣe nínú káráfáànì. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Medicare, ètò ìlera ìjọba, ń tọ́jú aráàlú wọn níbí, torí náà ẹ ra ìbánigbófò ìrìn àjò tó gba ẹ̀jẹ̀ ríru wọlé kí wọ́n tó wọ bàálù. Ilé ìwòsàn wà ní Coober Pedy àti Alice Springs. Láàárín ọ̀nà, bàálù àwọn dókítà Royal Flying Doctor Service ló ń gbé aláìsàn. Pásítọ̀ John Flynn ló dá a sílẹ̀ ní 1928. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n kun lójú títì gan-an kí bàálù wọn lè balẹ̀ síbẹ̀.

Ní Uluru, ẹ ò ní gun àpáta náà. Àwọn Anangu tó ni ín ti bẹ àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má gùn ún, wọ́n sì fòpin sí i pátápátá ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2019. Ẹ rìn yí ìdí rẹ̀ ká bí ẹsẹ̀ Màmá bá ṣe lè gbà. Ẹ máa rí àkọlé tó ní kẹ́ ẹ má ya fọ́tò àwọn ibì kan, torí pé ti ọkùnrin nìkan tàbí ti obìnrin nìkan ni. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Àwa tí a mọ̀ pé obìnrin kì í wo Orò, ó yẹ ká lè bọ̀wọ̀ fún ti ẹlòmíì.

Ohun kan ló kù, òun ni mo máa ń fi lé àwọn oníbàárà mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Ìrìn àjò mi kejì, mo dúró mu tíì níbì kan lẹ́yìn Glendambo. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín táyà káráfáànì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkẹrin jó mi lọ́wọ́, òórùn gíríìsì tó ti jóná sì bá a wá. Nígbà tí mo tú u, bẹ́ríǹ inú rẹ̀, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geerege, ti di aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé òun ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo gbà á gbọ́, n kò tú u wò. Ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ ló kù kí táyà yẹn yọ sáré lọ nínú eré. Bẹ́ríǹ àti gíríìsì tí mo gbé dání ló yọ mí. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì tú bẹ́ríǹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú yín kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ gbé ọ̀kan dání, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá ti dúró. Ọmọ ọdún 9 yín lè máa bá yín ka táyà, àmọ́ ọwọ́ àgbàlagbà ni kó kàn án.

Ní báyìí, ẹ di káráfáànì àti ọkọ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an, epo kíkún, kí gbogbo yín wọlé, kẹ́ ẹ wà á lọ sórí ìwọ̀n gbogboogbò tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Adelaide. Nọ́ńbà mẹ́rin ni mo fẹ́: táyà ọkọ̀ nìkan nígbà tí káráfáànì ṣì so mọ́ ọn, táyà káráfáànì nìkan nígbà tó ṣì so mọ́ ọkọ̀, káráfáànì tó dá dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ tú u, àti ọkọ̀ tó dá dúró. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkẹta, ẹ máa mọ bó ṣe ń tẹ ìdí ọkọ̀ tó. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi bí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, màá bá yín wo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí Màmá tó bẹ̀rẹ̀ sí í di gàrí.